Àwòdì àti Làpálàpá Igi

Bí ènìyàn bá dúró lábẹ́ igi àgbọn kan ní Mọ́níyà, nítòsí Ìbàdàn, nígbà ọyẹ́, àwòdì tó bà sórí imọ̀ ni yóò kọ́kọ́ rí. Adìẹ á ti kó àwọn ọmọ rẹ̀ sábẹ́ apá, ọmọdé á ti máa pariwo, ẹnìkan á ti ṣa òkò. Kò sẹ́ni tó máa wo ara igi náà fúnra rẹ̀, níbi tí nǹkan kan tó funfun mọ́ eérú ti lẹ̀ pẹ́típẹ́tí mọ́ èèpo, tó rí roboto, tí etí rẹ̀ gé wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, bí ìgbà tí làpálàpá bá mú ọmọ lórí. Làpálàpá igi ni màá máa pè é nígbà mìíràn nínú orí yìí. Láíkìn ni àwọn onímọ̀ ń pè é. Ó lè dà bí àwàdà pé kí á fi àwòdì wé e. Èyí kan ń fò, èyí kan kò lè kúrò lójú kan láéláé. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ fi hàn pé ẹbí tó wà láàárín àwọn méjèèjì sún mọ́ ju bí a ṣe rò lọ, àti pé bí ọ̀rọ̀ bá di ti afẹ́fẹ́ tí à ń mí símú, ẹ̀rí èyí tí kò lè fò ló yẹ kí á gbà.

Ẹ jẹ́ kí á ti ọ̀dọ̀ ẹni tí gbogbo wa mọ̀ bẹ̀rẹ̀. Àwòdì tiwa nílẹ̀ Áfíríkà ní àgógó ẹnu tó pọ́n bí ìyeyè. Ìrù rẹ̀ là díẹ̀ ní àárín, ó sì máa ń yí i sọ́tùn-ún sósì bó bá ń fò. Bó bá na apá méjèèjì, láti ṣóńṣó kan dé ìkejì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mítà kan ààbọ̀, síbẹ̀ gbogbo ara rẹ̀ kì í sábà wọ̀n tó kìlò kan. Ìyẹn ló ṣe lè máa rà bàbà lójú ọ̀run fún ìgbà pípẹ́ láì ju apá. Afẹ́fẹ́ gbígbóná tó ń ti ilẹ̀ ru sókè lọ́sàn-án ló ń gbé e.

A máa ń sọ pé ojú àwòdì ríran ju ti ènìyàn lọ fíìfíì. Ti idì ni òtítọ́ yẹn. Idì ńlá lè ríran tó ìlọ́po méjì ènìyàn. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn onímọ̀ dán ojú àwòdì wò, tí wọ́n sì tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní 2016, wọ́n rí i pé bí ohun tí a ń wò bá tín-ín-rín gan-an, ènìyàn tí ojú rẹ̀ dá ṣáṣá máa rí i kedere ju àwòdì lọ. Ohun tí àwòdì fi jù wá ni ibi tó wà, àti sùúrù. Ó wà lókè, ilẹ̀ tẹ́ sílẹ̀ rẹrẹẹrẹ níwájú rẹ̀, ohun tó bá mira díẹ̀ ló ń dúró dè.

Oúnjẹ rẹ̀ kò sì le rárá. Tata, èkúté, alángbá, èsúnsún tó bá jáde lẹ́yìn òjò, òròmọdìẹ, ẹja òkú, ìfun ẹran, kò kọ ọ̀kankan. Bí àgbẹ̀ bá ń sun oko ní ọ̀nà Ìsẹ́yìn, àwòdì á ti dé kí èéfín tó ròkè, nítorí ó mọ̀ pé gbogbo ohun tó ń sá fún iná ti di tirẹ̀. Ní odò ẹran tó wà ní Amósùn, ní ìjọba ìbílẹ̀ Akínyẹlé níbí, kò tilẹ̀ nílò láti dọdẹ. Ó kàn ń já bọ́, ó ń fi èékánná gbé ohun tí alápatà bá dà nù. Bẹ́ẹ̀ ni kò kórìíra láílọ́ọ̀nù wa. Ní Doñana lórílẹ̀-èdè Sípéènì, àwọn tó ń ṣọ́ àwòdì rí i pé wọ́n máa ń kó láílọ́ọ̀nù funfun sínú ìtẹ́ wọn, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 2011 pé èyí tí ìtẹ́ rẹ̀ kún jù ni alágbára jù, tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kì í fẹ́ bá jà. Àṣehàn ni. Ẹ wá wo iye láílọ́ọ̀nù tó wà ní ẹ̀bá ọ̀nà wa, kí ẹ sọ fún mi bóyá àwòdì Mọ́níyà lè ṣaláìní ohun ọ̀ṣọ́.

Àwọn àgbẹ̀ mọ̀ pé àwòdì kì í wà pẹ̀lú wa yípo ọdún. Ó ń dé lẹ́yìn tí òjò bá ti dáwọ́ dúró, ó ń yé ẹyin méjì tàbí mẹ́ta nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ó ń sàba lé e fún nǹkan bí oṣù kan, nígbà tí òjò bá sì ti ń fẹsẹ̀ múlẹ̀, ó ń gba òkè Ọya lọ. J. H. Elgood, tó jẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n nípa ẹranko ní Yunifásítì Ìbàdàn, wà lára àwọn tó tọpasẹ̀ irú ìrìn yìí. Òun àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ méjì tẹ iṣẹ́ kan jáde ní 1973 lórí àwọn ẹyẹ tó ń ṣí láti ibì kan sí ibòmíràn nínú Áfíríkà, ìwé rẹ̀ lórí gbogbo ẹyẹ Nàìjíríà sì tẹ̀ lé e ní 1982. Ìdí tí àwòdì fi ń lọ kò ṣòro. Òjò ń mú kí koríko ga, ẹran kéékèèké á ríbi fara pamọ́, ìkùukùu á bo oòrùn, afẹ́fẹ́ gbígbóná tó ń gbé ẹyẹ ròkè á dín kù. Ẹni tó bá ní apá, kí ló máa dúró ṣe?

Ó tó fún àwòdì. Ó ku ẹnìkejì.

Oríṣi láíkìn tí wọ́n ti mọ̀ láyé tó nǹkan bí 20,000. Èyí tí mo mú fún àfiwé yìí ni Pyxine cocoes, ọ̀kan lára àwọn tó wọ́pọ̀ lára igi káàkiri ilẹ̀ olóoru. Olof Swartz, ọmọ Súwídìnì kan tó rin àwọn erékùṣù Caribbean kiri láàárín 1783 sí 1786, ló kọ́kọ́ kọ nípa rẹ̀ ní 1788, ó sì fi igi àgbọn sọ ọ́ lórúkọ. Abẹ́ rẹ̀ dúdú, òkè rẹ̀ ní àwọ̀ eérú, ìyẹ̀fun díẹ̀díẹ̀ sì máa ń wà lójú rẹ̀. Bí o bá ní iná kékeré tí àwọn oníṣòwò fi ń yẹ owó wò bóyá ayédèrú ni, tàn án sí i lálẹ́: á mọ́lẹ̀ yòò ní àwọ̀ ìyeyè. Kẹ́míkà kan tí wọ́n ń pè ní lichexanthone ló wà ní awọ rẹ̀ tó ń ṣe bẹ́ẹ̀. Mi ò rí ohun mìíràn lára igi wa tó rọrùn báyìí fún ọmọ ilé-ìwé láti yẹ̀ wò.

Láíkìn kì í ṣe ewéko, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ewéko ni gbogbo àwọn onímọ̀ kà á sí títí di nǹkan bí 150 ọdún sẹ́yìn. Linnaeus tó ṣètò orúkọ àwọn ewéko ní 1753 kò tilẹ̀ kà á sí nǹkan. Tálákà paraku láàárín àwọn ewéko ló pè é. Ní 1867 ni Simon Schwendener, ọmọ Switzerland, dìde tó ní ẹ̀dá méjì ló wà nínú ohun tí gbogbo ayé ń pè ní ẹyọ kan. Ọ̀kan wá láti inú ẹbí olú, òun ló ń fi fọ́nrán tín-ín-rín hun ilé. Èkejì ni álíjì, àwọn ẹ̀dá wẹ́wẹ́ aláwọ̀ ewé, irú èyí tó ń mú kí etí kànga àti inú ìkòkò omi máa yọ̀. Olú fún álíjì ní ibùgbé, ó ń fa omi sí i lára, ó ń ṣíji bò ó kí oòrùn má baà jó o. Álíjì ń fi ìtànṣán oòrùn se ṣúgà, olú sì ń gbà nínú rẹ̀ jẹ.

Àwọn àgbà inú ìmọ̀ náà gbaná jẹ. Ẹni tó le jù nínú wọn ni William Nylander, ọmọ Fínlándì tó ń gbé ní Párììsì, ẹni tó ti sọ ẹgbẹẹgbẹ̀rún láíkìn lórúkọ, tó fi mọ́ orúkọ tí Pyxine cocoes tiwa yìí ń jẹ́ lónìí. Ó ní irọ́ ni, kò sì gbà títí ó fi kú ní 1899. Schwendener ló sì jàre. Ní 2016, Toby Spribille àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tún fi hàn pé ẹnìkẹta, ìyẹn oríṣi ìwúkàrà kan, wà ní awọ ara ọ̀pọ̀ láíkìn. Ilé tí a rò pé ẹnì kan ló ń gbé ibẹ̀ ti di agboolé.

Ẹbí olú tí mo dárúkọ yìí ló gbé àfiwé wa dé ibi tó dùn mọ́ mi jù. Olú tí à ń sè lọ́bẹ̀ wà nínú ẹbí náà, ohun tó ń mú búrẹ́dì bu wà níbẹ̀, ìwúkàrà tó ń mú ẹmu kan wà níbẹ̀. Làpálàpá orí ọmọdé pẹ̀lú wà níbẹ̀, nítorí náà orúkọ tí mo fún láíkìn lókè kì í ṣe ti ìrísí nìkan. Ó pẹ́ tí a ti ń fi ẹbí yìí sí ìdílé ewéko torí pé kì í rìn. Ní 1993, Sandra Baldauf àti Jeffrey Palmer ní Amẹ́ríkà fi àwọn ohun tí ara ẹ̀dá fi ń ṣiṣẹ́ wé ara wọn, wọ́n sì rí i pé olú àti ẹranko ni ìbátan ara wọn tímọ́tímọ́. Ewéko jìnnà sí àwọn méjèèjì. Baba ńlá tí wọ́n jọ ní ti wà láyé ní nǹkan bí bílíọ̀nù ọdún kan sẹ́yìn. Ìtumọ̀ èyí ni pé olú tó hun làpálàpá ara àgbọn yẹn sún mọ́ àwòdì tó bà lókè ju igi àgbọn tó lẹ̀ mọ́ lọ.

Àmì ẹbí ṣì wà lára wọn. Igi ń tọ́jú oúnjẹ pamọ́ gẹ́gẹ́ bí iṣu ti ń tọ́jú sítáàṣì. Àwòdì àti olú ń tọ́jú tiwọn ní irú mìíràn, glycogen, èyí tó wà nínú ẹ̀dọ̀ tiwa náà. Ohun tó mú ara olú le ni káítìn, ohun kan náà tó mú èèpo ẹ̀yìn tata le, tata tí àwòdì ń jẹ. Èyí tó ṣe pàtàkì jù ni pé kò sí ọ̀kan nínú àwọn méjèèjì tó lè fi oòrùn se oúnjẹ. Ohun tí ẹlòmíràn sè ni wọ́n ń jẹ. Àwòdì fò lọ wá tirẹ̀. Olú gba alásè sílé.

Níbí ni mo ti fẹ́ bá àwọn olóko wa sọ̀rọ̀. Ẹni tó ní ọsàn tàbí obì máa ń rí láíkìn lára igi rẹ̀, á ní àrùn ti dé, á mú ọ̀bẹ, á máa ha á. Láíkìn kò ní gbòǹgbò, kì í fa omi inú igi. Òjò, ìrì, eruku àti oòrùn tó ń bà lé e lórí ló fi ń gbé ayé rẹ̀. Igi kàn jẹ́ ibi ìjókòó ni. Bó bá pọ̀ lára igi tó ń kú lọ, igi náà ló ti kọ́kọ́ rẹ ewé sílẹ̀ tí oòrùn fi ráyè wọlé sí i. Àfòmọ́ ni olè. Àfòmọ́ ń wọ inú ẹ̀ka lọ mu omi rẹ̀, òun ni kí ẹ gbé àdá tì.

Mo sọ pé òjò ń lé àwòdì lọ. Òjò kan náà ló ń jí láíkìn. Nígbà ọyẹ́, omi á tán lára rẹ̀ pátápátá, á gbẹ kárakára, á dáwọ́ iṣẹ́ dúró bí ẹni pé ó ti kú. Àwòdì tàbí ènìyàn tó bá pàdánù ìwọ̀nba omi díẹ̀ lára, ikú ni. Láíkìn lè wà ní gbígbẹ bẹ́ẹ̀ fún oṣù púpọ̀, kí òjò àkọ́rọ̀ tó ta sí i, láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan á sì ti bẹ̀rẹ̀ sí mí. Bí ìrì bá sẹ̀ ní ìdájí, á jí fún wákàtí díẹ̀, á tún sùn bí oòrùn bá mú. Nípa bẹ́ẹ̀, lórí igi àgbọn kan náà, ìgbà tí ọwọ́ ẹnì kan dí ni ẹnìkejì ń sinmi. Kò yani lẹ́nu pé ó ń lọ́ra dàgbà. Àwọn láíkìn tó fẹ̀ bí ewé kì í sábà fi ju mìlímítà mélòó kan fẹ̀ lọ́dún, àwọn kan tó wà lórí àpáta ní ilẹ̀ òtútù kò tilẹ̀ tó mìlímítà kan, ọjọ́ orí wọn sì lè lé ní ẹgbẹ̀rún ọdún. Àwòdì tó bá lo ogún ọdún ti gbó.

Ta ló wá lọ sókè jù nínú ẹbí méjèèjì? Ní ọjọ́ 29 oṣù kọkànlá 1973, ọkọ̀ òfúrufú kan kọlu igún kan, ìbátan àwòdì, lókè Abidjan, ní nǹkan bí 11,300 mítà. Kò tíì sí ẹyẹ tí àkọsílẹ̀ fi hàn pé ó ga jù bẹ́ẹ̀ lọ, ará Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà sì ni. Ní 2005, àwọn onímọ̀ fi oríṣi láíkìn méjì sínú ọkọ̀ ojú òfúrufú Rọ́ṣíà, Foton-M2, wọ́n ṣí wọn sílẹ̀ fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì lókè lọ́hùn-ún níbi tí kò sí afẹ́fẹ́ kankan, nínú òtútù àti oòrùn tí kò sí ohun tó dí i. Wọ́n kó wọn padà wálẹ̀, wọ́n fún wọn lómi, iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀. Àwòdì kò lè lo ìṣẹ́jú márùn-ún níbẹ̀.

Síbẹ̀ láíkìn tí òfúrufú kò pa, èéfín ìlú ń pa á. Èyí ló mú mi kọ orí yìí. Ewé igi ní awọ dídán tó ń dí ohun tí kò dára lọ́nà; láíkìn kò ní. Gbogbo ara rẹ̀ ni ẹnu. Ohun tó bá wà nínú òjò àti eruku, rere tàbí búburú, ó ń wọlé, kò sì ní ọ̀nà gidi tó fi lè tu ú jáde. Gáàsì imí-ọjọ́ tó ń jáde nínú èédú àti epo tí a bá sun máa ń ba álíjì jẹ́, bí alásè bá sì kú, ebi á pa olú. Nylander kan náà tó kọ ọ̀rọ̀ Schwendener wà lára àwọn tó kọ́kọ́ kíyè sí i. Ní 1866 ó kọ̀wé pé láíkìn ṣì pọ̀ nínú ọgbà Luxembourg ní Párììsì nígbà tí wọ́n ti wọ́n níbòmíràn nínú ìlú náà, pé ara wọn la fi lè mọ bí afẹ́fẹ́ ti mọ́ tó. Ènìyàn lè ṣìnà pátápátá lórí ọ̀rọ̀ kan kó sì rí òmíràn ṣáájú ọ̀pọ̀ ènìyàn.

Àwòdì náà ń jẹ májèlé, ṣùgbọ́n ọ̀nà tirẹ̀ gùn. Tata jẹ ewé tí wọ́n fín oògùn sí, alángbá jẹ ọ̀pọ̀ tata, àwòdì jẹ ọ̀pọ̀ alángbá. Ohun tó kéré nísàlẹ̀ ti di púpọ̀ kó tó dé òkè. Ní 1967, Derek Ratcliffe ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wọn èèpo ẹyin àwọn àṣá tó ti wà ní ilé ìkóhun-ìṣẹ̀ǹbáyé pamọ́, ó fi wé ti tuntun, ó rí i pé láti nǹkan bí 1947 ni èèpo náà ti fẹ́lẹ́, tí ìyá ń jókòó lé ẹyin tó ń fọ́. Oògùn kòkòrò DDT ni. Àwọn àgbà olóko kòkó láyìíká Ìbàdàn rántí Gammalin 20. Ẹbí oògùn olóró bẹ́ẹ̀ ni òun náà, ní 2009 ni àdéhùn àwọn orílẹ̀-èdè kà á mọ́ ohun tó yẹ kí wọ́n pa tì. Igún, ìbátan àwòdì tó ti ń wọ́n nílùú wa, di ẹni tí wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ mọ́ àwọn ẹyẹ tó wà ní bèbè ìparun ní 2015. Májèlé wà lára ohun tó ń pa á, títa orí rẹ̀ fún oògùn ìbílẹ̀ náà sì wà níbẹ̀.

Ta ni kí á wá bi léèrè nípa Mọ́níyà? Ìlú yìí ti yàtọ̀. Láti 2021 ni ọkọ̀ ojú irin Èkó sí Ìbàdàn ti ń parí ìrìn rẹ̀ níbí, ẹńjìnnì dísù ló ń fà á. Ọkọ̀ akẹ́rù ń ti ọ̀nà Ọ̀yọ́ bọ̀ tọ̀sán-tòru. Jẹnẹrétọ̀ wà ní ṣọ́ọ̀bù gbogbo. Bí a bá bi àwòdì, á ní kò sí wàhálà. Odò ẹran wà, ààtàn wà, òun ń jẹ, òun ń yó. Àwòdì púpọ̀ lójú ọ̀run lè jẹ́ àmì pé ìdọ̀tí wa pọ̀. Bí ibì kan kò bá sì tẹ́ ẹ lọ́rùn, á gbé apá, á lọ, kò ní dúró jẹ́rìí. Láíkìn kò lè lọ. Ohun tí a bá tú sáfẹ́fẹ́ ní oṣù kìíní wà lára rẹ̀ ní oṣù kejìlá. Ní 1983, P. C. Onianwa àti A. Egunyomi ní Yunifásítì Ìbàdàn tẹ irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ jáde lórí mọ́ọ̀sì, ewéko kékeré tí òun náà ń gba oúnjẹ láti inú òjò àti eruku: wọ́n fi iye òjé àti àwọn irin mìíràn tó wà lára rẹ̀ mọ bí afẹ́fẹ́ ti dọ̀tí tó. Òjé ṣì wà nínú epo pẹtiróòlù tí à ń rà nígbà náà. Ní Íńdíà, Pyxine cocoes gan-an ni wọ́n sábà ń lò fún irú àyẹ̀wò yìí.

Ó ní ohun kan tó yẹ kí á ṣọ́ra fún. Pyxine cocoes lágídí. Ó lè wà lẹ́bàá títì níbi tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti kú. Nítorí náà, kí ẹ má ka bó ṣe pọ̀ tó, oríṣi tó wà ni kí ẹ kà. Níbi tí afẹ́fẹ́ bá mọ́, ẹ máa rí èyí tó lẹ̀ pẹ́típẹ́tí, èyí tó fẹ̀ tí etí rẹ̀ ká sókè, èyí tó rọ̀ bí irùngbọ̀n. Ibi tó dára láti fi ṣe òdiwọ̀n kò jìnnà sí wa: IITA, ilé-iṣẹ́ ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ ilẹ̀ olóoru ní Ìbàdàn, tó wà lórí nǹkan bí 1,000 hẹ́kítà láti 1967, ṣì dá igbó tó tó 350 hẹ́kítà sí, àwọn ẹyẹ tó ṣọ̀wọ́n sì wà níbẹ̀.

Ẹ̀yin olùkọ́ ilé-ìwé ní Akínyẹlé, ẹ lè ṣe é pẹ̀lú àwọn ọmọ láìná kọ́bọ̀. Ẹ mú igi irú kan náà, máńgòrò tàbí àgbọn, tí ọjọ́ orí wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Ẹ wo mélòó kan lẹ́bàá títì, mélòó kan nínú oko tó jìnnà sí títì, ẹ ka oríṣi láíkìn tó wà lára ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ìwọ̀n ibi tí àyà ọmọ mọ, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹ tún padà ṣe é lọ́dún tó ń bọ̀. Ẹ yẹra fún oko kòkó tí wọ́n ń fín oògùn bàbà sí, nítorí oògùn tó ń pa àrùn tó ń sọ kòkó di dúdú ń pa láíkìn pẹ̀lú. Kí ẹ sì sọ fún àwọn onílé pé kí wọ́n má ha á kúrò lára igi títí ẹ ó fi kà á tán.